Títún Balùwẹ̀ Kékeré Ṣe: Láti Orí Téèpù Ìwọ̀n Dé Orí Sílíkónì

Táìlì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà bí wọ́n bá fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rí táìlì aláwọ̀ ewé kan tó gba ojú mi, mo rà á, mo kó o jọ sí kọ̀rọ̀ ilé kí n tó wá pe oníṣẹ́. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n parí, ògiri yàrá tó fara ti balùwẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí pẹ̀lẹ́bẹ́-pẹ̀lẹ́bẹ́. Nígbà tí a fọ́ táìlì ewé yẹn, abẹ́ rẹ̀ rin gbindingbindin. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ti wẹ̀ níbẹ̀ ni omi ti ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀. Ibi tí omi ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde, ibi tó lè yọ́ gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i: mẹ́ta yìí ló ń pinnu bóyá owó yín wọlẹ̀ tàbí kò wọlẹ̀. Balùwẹ̀ ńlá ṣì lè fi àyè bo àṣìṣe. Kékeré kò ní kọ̀rọ̀ tó máa fi í pamọ́ sí. Bí ẹ bá ṣi ìwọ̀n ní 5 cm péré, orúnkún yín ni yóò máa rán yín létí lójoojúmọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹ mú téèpù, ẹ wọn gígùn àti ìbú ní ibi mẹ́ta: nílẹ̀, ní àárín ògiri, àti lókè. Ògiri tó dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ dé òkè kò wọ́pọ̀, pàápàá nínú ilé tó ti pẹ́. Èyí tó kéré jù nínú ìwọ̀n mẹ́ta yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Ẹ wọn fèrèsé, ẹ wọn ìlẹ̀kùn, kí ẹ sì wọn ibi tí ìlẹ̀kùn ń dé bí a bá ṣí i gbayawu.

Ìwọ̀n kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: láti àárín ihò ìgbọ̀nsẹ̀ dé ara ògiri ẹ̀yìn. Òun ló ń sọ irú WC tí ẹ lè rà. Àwọn WC kan ń da ohun inú wọn sí ìsàlẹ̀ tààrà, àwọn mìíràn ń tì í gba ẹ̀yìn sínú ògiri. Bí ẹ bá ra èyí tí kò bá ihò yín mu, ó di kí ẹ wú ilẹ̀, tàbí kí WC dúró síwájú ògiri bí ẹni tí wọ́n lé jáde. Ara ògiri tí a ti lẹ táìlì mọ́ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò yìí, kì í ṣe ògiri tó wà ní ìhòòhò, nítorí táìlì àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gba 1.5 cm.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má fi àwòrán mọ sórí ìwé. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ bó ṣe máa tóbi tó gan-an. Ẹ gbé àga kékeré sí ibi tí WC máa wà, ẹ jókòó lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé páálí tó tóbi tó síńkì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹ wá gbìyànjú láti kọjá pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́. Ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí máa fi hàn yín, ọgbọ̀n àwòrán lórí fóònù kò lè fi í hàn. Ìgbà tí èmi ṣe é ni mo rí i pé ìlẹ̀kùn máa gbá ẹnu WC nígbàkigbà tí a bá ṣí i.

Àwọn ìwọ̀n kan wà tí mi ò jẹ́ fọwọ́ dín. Láti àárín WC sí ògiri tàbí ohunkóhun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 38 cm. Iwájú rẹ̀ fẹ́ nǹkan bíi 60 cm tó ṣófo. Ibi ìwẹ̀ tí kò tó 80 cm níhà kọ̀ọ̀kan yóò máa gbá ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ògiri. Bí àyè bá gbà, 90 cm ni ara ń fẹ́. Ẹnu síńkì máa ń wà ní 80 sí 85 cm sókè ilẹ̀, orí ṣáwà ní bíi 2 m tàbí díẹ̀ lé, ibi tí a ti ń ṣí i ní 1 m sí 1.2 m. Ẹ sì fi ibi tí a ti ń ṣí i yìí sí ibi tí ọwọ́ lè tó láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò mọ ẹni tó fẹ́ràn kí omi tútù kọ́kọ́ gbá a lẹ́yìn kí ti gbígbóná tó dé.

Ihò ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọba ibẹ̀

Bí ẹ bá lè fi WC sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ fi í sílẹ̀. Páìpù rẹ̀ fẹ̀ tó 110 mm, ó sì gbọ́dọ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ bíi 2 cm lórí mítà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bọ́ síta. Ẹni tó bá fẹ́ sún un láti ògiri kan sí èkejì yóò wú gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín. Bó bá jẹ́ òkè ilé alájà ni, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ má jìn tó ohun tí páìpù náà lè gbà dagẹ̀rẹ̀ rárá. Síńkì àti ṣáwà rọrùn láti ṣí nípò ju èyí lọ fíìfíì, nítorí páìpù tiwọn kéré. Àwọn ni kí ẹ máa gbé kiri.

Ìlẹ̀kùn tún wà ńbẹ̀. Èyí tó ń ṣí sínú ń jẹ àyè, ó sì léwu. Bí ẹnì kan bá ṣubú sínú balùwẹ̀ kékeré, ara rẹ̀ lè dí ìlẹ̀kùn pa, àwọn tó wà níta á kàn máa kanlẹ̀kùn lásán. Ẹ yí i kó máa ṣí síta, tàbí kí ẹ lo èyí tí a ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló kéré jù lówó, òun náà ló sì fún mi ní àyè jù.

Ní ti WC tí wọ́n ń so mọ́ ògiri tí táǹkì rẹ̀ ń fara sin, ó lẹ́wà, ìgbálẹ̀ sì ń dé abẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n irin tó ń gbé e dúró nínú ògiri ń gba 15 sí 20 cm lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rà á torí àyè, kí wọ́n tó wá rí i pé àyè tí wọ́n jèrè níwájú, ẹ̀yìn ti gbà á padà. Ẹ ṣe ìṣirò náà kí ẹ tó sanwó. Síńkì tí a so mọ́ ògiri ni mo fọwọ́ sí láìṣiyèméjì: bí ojú bá ń rí ilẹ̀ lábẹ́ nǹkan, yàrá máa ń dà bíi pé ó fẹ̀ sí i.

Owó, ọjà, àti ẹni tó kọ́kọ́ wọlé

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ya 10 sí 20% sọ́tọ̀ lórí iye yẹn. Kì í ṣe owó ohun tí ẹ fẹ́; owó ohun tí ẹ máa bá lẹ́yìn ògiri ni. Igi tó ti jẹrà, páìpù tó ti dípẹtà, waya tí ẹnì kan fi náílọ̀n so pọ̀ láti ọdún gbọ́nhan: wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró dè yín.

Kí pùlọ́ḿbà tó gbẹ́ ògiri, gbogbo ohun tó máa so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ nínú páálí rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣáwà tó máa ń wọ inú ògiri ní jíjìn tirẹ̀, síńkì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ihò rẹ̀ wà. Oníṣẹ́ tó bá sọ pé “ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé páìpù, ẹ ó ra ìyókù tó bá yá” ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú owó yín ni.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra nìyí, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dojú rẹ̀ dé: fífọ́, lẹ́yìn náà páìpù, lẹ́yìn náà waya iná, kí ẹ tó rẹ́ ògiri, kí ẹ tó da ilẹ̀ pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀dà adènà-omi kàn, àti ìdánwò rẹ̀. Táìlì ń bọ̀ lẹ́yìn ìdánwò, gíráùtì, ìyẹn ohun tí a fi ń dí àlàfo àárín táìlì, tẹ̀ lé e, àjà gba ọ̀dà tirẹ̀, kí a tó gbé WC, síńkì àti dígí wọlé. Bí onítáìlì bá débẹ̀ kí pùlọ́ḿbà tó parí, táìlì ni yóò forí fá a.

Fífọ́

Ẹ ti omi láti orísun rẹ̀, ẹ pa iná ibẹ̀ láti orí bírékà, kí ẹ sì dán an wò pé ó kú lóòótọ́. Ẹ ki àkísà tó nípọn bọ inú ihò ìgbọ̀nsẹ̀ àti ihò ìṣàn omi, kí ẹ so okùn mọ́ ọn kó má baà jábọ́ wọnú. Àfọ́kù táìlì kan tó bọ́ sínú páìpù lè dí gbogbo ilé lọ́wọ́, ọjọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́ gan-an ni yóò sì fojú hàn. Àkísà yìí tún ń dá òórùn dúró nígbà tí WC kò bá sí lórí ihò.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ lo awò àti ìbòmú. Àfọ́kù WC mú ju abẹ ìfárí lọ. Bí ilé náà bá ti wà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1990, ẹ ṣọ́ra fún asbestos nínú táìlì ilẹ̀ onírọ́bà, gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ rẹ̀, tàbí páálí àjà. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ẹ̀rọ ha á, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé ó dára kí a lẹ táìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí? Ẹ mú owó ẹyọ, ẹ máa fi kan táìlì àtijọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún kó-kó-kó lẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo ti ṣí lábẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá lẹ̀, ó ṣeé ṣe lára ògiri tí omi kì í dé. Níbi ìwẹ̀, èmi kò ní ṣe é láé, nítorí ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rí.

Páìpù

Omi tó ń wọlé ń rìn lábẹ́ agbára, nítorí náà ó lè gòkè, ó lè yà síbikíbi. Omi tó ń jáde kò ní agbára kankan bí kò ṣe ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní ṣe ọ̀pọ̀ àṣìṣe. Ṣáwà fẹ́ páìpù ìjáde tó fẹ̀ tó 50 mm. Síńkì lè lo 32 tàbí 40 mm. Bí wọ́n bá fi ti síńkì sí abẹ́ ṣáwà, ẹ ó máa wẹ̀ nínú adágún.

Lábẹ́ síńkì, ẹ ó rí páìpù tó tẹ̀ bí lẹ́tà U. Omi díẹ̀ máa ń jókòó sínú ìtẹ̀sí yẹn nígbà gbogbo, jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bíi 5 cm, òun ló ń dínà mọ́ òórùn tó ń ti inú páìpù ìdọ̀tí bọ̀. Ihò ìṣàn omi tó wà nílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Bí balùwẹ̀ bá ń rùn bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ọ̀kan nínú nǹkan méjì sábà máa ń jẹ́. Ó lè jẹ́ pé omi inú U yẹn ti gbẹ nítorí pé a kì í lo ibẹ̀. Ẹ da ife omi méjì sí i. Ó sì lè jẹ́ pé páìpù kò ní ọ̀nà ìmí, ìyẹn páìpù tó gòkè lọ síta kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí kò bá sí ìmí, nígbà tí a bá da omi sí WC, yóò fa omi inú U jáde, ẹ ó máa gbọ́ gulugulu láti inú síńkì. Oníṣẹ́ tó bá ní kò pọn dandan kò ní máa sùn nílé yín.

Ẹ fi kọ́ọ̀kì tí a fi ń ti omi sí abẹ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan, kó má baà di pé a ń ti omi gbogbo ilé torí síńkì kan. Ọwọ́ òsì ni omi gbígbóná ń wà, ọ̀tún ni ti tútù. Kí a tó rẹ́ ògiri, kí pùlọ́ḿbà fi pọ́ǹpù ti omi sínú páìpù dé ìlọ́po kan àtààbọ̀ agbára tó máa fi ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Bí ọwọ́ aago ìwọ̀n bá lọ sílẹ̀, ibì kan ń jò nìyẹn. Ẹ rí i pẹ̀lú ojú ara yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ na téèpù mọ́ ògiri, ẹ ya fọ́tò gbogbo páìpù àti waya pẹ̀lú téèpù náà nínú àwòrán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lu ihò láti fi dígí kọ́, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín. Ẹ sì gbé pákó tó le sínú ògiri níbi tí ẹ bá fẹ́ kí irin ìdìmú wà, bó bá jẹ́ ògiri onípákó. Àgbàlagbà kan máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin.

Iná

Mi ò ní gùn níbí, torí kì í ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀: bírékà RCD 30 mA tó ń já iná nígbà tí iná bá ń ṣìnà; waya tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀; ìlà waya ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná; àti gílóòbù tí wọ́n kọ IP44 sí lára, tí omi tó bá ta sí i kò lè wọ inú rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi ìwẹ̀ tó 60 cm, bó bá sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn. Súìṣì níta ìlẹ̀kùn ni mo fẹ́ràn jù.

Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lókè orí máa ń jẹ́ kí òjìji bo ojú ẹni nínú dígí. Méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń jẹ́ kí ènìyàn rí irùngbọ̀n tó ń fá.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀

Gbogbo ilẹ̀ tí omi ń dé gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ihò ìṣàn omi ní 2 cm lórí mítà kan. Bí ihò bá jìnnà sí ògiri ní 1.5 m, ẹsẹ̀ ògiri yóò ga ju ihò lọ ní 3 cm. Sìmẹ́ǹtì ni a fi ń ṣe ìdagẹ̀rẹ̀ yìí, kì í ṣe gọ́ọ̀mù táìlì. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé òun máa “fi táìlì tún un ṣe”, ẹ dá a dúró.

Bí ihò bá wà láàárín, ilẹ̀ yóò dagẹ̀rẹ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, táìlì ńlá kò sì lè tẹ̀ láti bá a mu, àfi kéékèèké. Bó bá jẹ́ ihò gígùn tó lọ lẹ́bàá ògiri ni, ìhà kan ṣoṣo ni ilẹ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ sí, ẹ sì lè lo táìlì ńlá. Ohun tí mi ò gbà ni ihò tó wà lẹ́yìn WC, níbi tí ọwọ́ kankan kò ti lè yọ irun tó dí i.

Kí ilẹ̀ balùwẹ̀, lẹ́yìn táìlì, fi bíi 2 cm relẹ̀ ju ti ìta lọ, tàbí kí bèbè kékeré dá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá ti gbẹ, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀ ní igun tó jìnnà jù, kí ẹ dúró wò ó. Omi kò mọ irọ́ pa. Ibi tó bá dúró sí ni kí wọ́n tún ṣe, kí táìlì tó bò ó.

Ibi tí owó mi ti wọlẹ̀: dídènà omi

Táìlì kò dá omi dúró. Gíráùtì tó wà láàárín rẹ̀ ń fa omi mu. Ohun tó ń dá omi dúró ni ọ̀dà adènà-omi tí a kùn sí abẹ́ táìlì, ìyẹn gan-an sì ni wọn kò kùn fún mi lẹ́ẹ̀kínní. Onítáìlì ọ̀hún ní sìmẹ́ǹtì tó ki ti tó. Kò tó.

Ẹ jẹ́ kí ògiri àti ilẹ̀ gbẹ, kí ẹ gbá eruku kúrò. Gbogbo igun, níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ àti ibi tí ògiri ti pàdé ògiri, ni a máa kọ́kọ́ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọ̀dà náà lẹ̀, torí igun ló máa ń là. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbogbo páìpù tó yọ jáde ká. Lẹ́yìn náà ni ìkùn àkọ́kọ́, ní ìbú. Ó gbẹ tán, ìkùn kejì, ní òró, kí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì fò lẹ́ẹ̀kínní lè rí tirẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ilẹ̀ ni kí ẹ kùn, ibi ìwẹ̀ nìkan kò tó. Ní ara ògiri yòókù, ẹ gbé e gòkè tó 15 cm. Ní ibi ìwẹ̀, kó kọjá orí ṣáwà. Bí ògiri bá jẹ́ onípákó, ẹ má lo páálí gypsum lásán, èyí tí omi máa ń bà jẹ́, níbẹ̀. Ẹ lo páálí onísìmẹ́ǹtì.

Ìdánwò ló kàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú balùwẹ̀, ilẹ̀ tútù gan-an là ń sá fún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ẹ da omi ọ̀hún síwájú. Ẹ dí ihò ìṣàn omi pa, ẹ fi bíríkì àti náílọ̀n sé ẹnu ọ̀nà, ẹ bu omi kún ilẹ̀ dé 2 tàbí 3 cm. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí omi dé lára ògiri. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, omi ti fi ìlà mi sílẹ̀ ní bíi 1 cm kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Afẹ́fẹ́ kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. A dọ̀bálẹ̀, a tan tọ́ọ̀ṣì, a ń fìka wá a kiri. Etí ihò ìṣàn omi ni: wọ́n kun ọ̀dà dé etí rẹ̀, wọn kò kùn ún wọ abẹ́ ẹnu rẹ̀, omi wá ń gba àárín méjèèjì lọ. Búrọ́ọ̀ṣì kan àti ọjọ́ méjì ni àtúnṣe rẹ̀ gbà. Ká ní táìlì ti wà lórí rẹ̀ ni, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Táìlì dé níkẹyìn

Ẹ ra 10% lé sí ohun tí ìṣirò sọ, 15% bí ẹ bá fẹ́ tò ó ní ìdábùú igun sí igun. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan kí ó lè jẹ́ ọ̀kan náà, torí àwọ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣe ọ̀kan sí ìgbà tí wọ́n ṣe òmíràn. Fún ilẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ R10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí. Ó tọ́ka sí bí kò ṣe ń yọ̀. Táìlì tó ń dán gbinrin bí dígí, ògiri ni ibùgbé rẹ̀.

Kí a tó po gọ́ọ̀mù, ẹ tò ó sílẹ̀ lásán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun kan láìwo ibi tó ń lọ yóò parí sí ẹ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́ ní igun kejì, ojú á sì máa lọ síbẹ̀ tààrà nígbàkigbà tí ènìyàn bá jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí gígé tó wà ní igun méjèèjì dọ́gba, kó má sì kéré sí ìdajì táìlì bí ó bá ṣeé ṣe.

Gọ́ọ̀mù tí a kàn sọ ní ìṣù márùn-ún sẹ́yìn táìlì máa ń fi ihò sílẹ̀ lábẹ́, omi á máa sùn níbẹ̀, táìlì á sì fọ́ bí nǹkan wúwo bá já lé e. Irinṣẹ́ pẹlẹbẹ eléyín ni a fi ń tẹ́ ẹ, kó kárí. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, ẹ yí i padà: níbi tí omi ń dé, gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bo 95% ẹ̀yìn rẹ̀. Oníṣẹ́ rere kò ní bínú pé ẹ wò ó.

Àlàfo 2 sí 3 mm tó láàárín wọn. Ẹ dúró di wákàtí 24 kí gíráùtì tó wọ̀ ọ́. Ní igun, ẹ má lo gíráùtì, sílíkónì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà, ni. Ògiri àti ilẹ̀ kì í mì papọ̀: gíráùtì á là, sílíkónì á nà. Ní ti àwọ̀: àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan náà láti ilẹ̀ dé ògiri, gíráùtì tó jọ ọ́, àti dígí ńlá kan, yóò mú kí yàrá fẹ̀ lójú. Gíráùtì funfun nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹwà rẹ̀.

Afẹ́fẹ́

Dúdú-dúdú tó ń hù lókè àjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀dà. Oru omi gbígbóná tí kò rí ọ̀nà jáde ni. Fèrèsé dára, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í ṣí i nígbà òtútù, nítorí náà mo fara mọ́ fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ sọ gígùn, ìbú àti gíga di púpọ̀, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 8, torí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yí padà ní ìgbà mẹ́jọ ní wákàtí kan. Balùwẹ̀ tó jẹ́ 1.5 m sí 2 m, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2.4 m, yóò fún wa ní 7.2, èyí tó di 57.6 m³ ní wákàtí kan. Ẹ ra ti 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kọ́nà páìpù máa ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Kí páìpù yẹn dé ìta gan-an. Mo ti rí ti ẹni tí tirẹ̀ parí sínú àjà: igi òrùlé ló ń wẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ fi àlàfo 1 sí 2 cm sílẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà wọlé rọ́pò èyí tó jáde, kí fáànù sì máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn ìwẹ̀.

Gbígbé nǹkan wọlé

Ẹ má mú bóòtù WC le jù. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Tánganran kì í kìlọ̀ kó tó là. Ibi pẹlẹbẹ tí a gbẹ́ sínú ògiri fún ọṣẹ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ síta díẹ̀, kí omi má baà jókòó sí i. Bí ẹ bá ń lu ihò sára táìlì, ẹ lẹ téèpù sí i kí orí ẹ̀rọ má yọ̀, kí ẹ sì pa apá tó ń gbá gbá-gbá-gbá lára rẹ̀. Sílíkónì fẹ́ wákàtí 24 kí omi tó kàn án.

Ní ìparí, ẹ ṣí gbogbo omi, kí ẹ wá fi bébà ìnùdí gbígbẹ nu gbogbo oríkèé páìpù lábẹ́ síńkì àti lẹ́yìn WC. Ọwọ́ lè má mọ omi tó ń jò ní ẹ̀kán kan. Bébà máa mọ̀ ọ́n. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ kejì.

Ẹ má da táìlì tó kù nù. Méjìlá ni mo tọ́jú nínú ti aláwọ̀ eérú tí mo padà lẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n wà, pẹ̀lú nọ́ńbà páálí wọn tí mo fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn. Wọ́n ti ku mẹ́wàá.